ẸLẸ́RÌÍ, MÁ DÁKẸ́!

Ìwàásù orí amóhùnmáwòrán, bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láti ẹnu Pásítọ̀ wa

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 5:1, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 23:12-24, 1 Àwọn Ọba 21:1-16

Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Ẹlẹ́rìí, má dákẹ́!" Kò tíì dé etí mi. Ẹ tún un sọ! (Ìjọ: Ẹlẹ́rìí, má dákẹ́!) Ọlọ́run á gbọ́ ti ẹ̀yin náà lórúkọ Jésù. (Ìjọ: Àmín!)

Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ tàbí aya. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ibi tá a wà yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kò ní pẹ́ dé Ìdúmọ̀tà. Láti Ìdúmọ̀tà, ẹ ó gun Afárá Carter lọ sí Ìddó. Ta ni ò mọ afárá yẹn nínú wa? Àwọn ìyá wa gbé ẹrù kọjá lórí rẹ̀. Èmi fúnra mi fi ẹsẹ̀ rìn ín àìmọye ìgbà nígbà tí kò sówó ọkọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn, lọ́wọ́ àdúgbò Ogogoro, ni wọ́n ti rí òkú ọmọ ọlọ́mọ.

Orúkọ rẹ̀ ni Olúwabámiṣé Àyánwọlá. Ọmọ ọdún 22 ni. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 26, oṣù kejì, ọdún 2022, ó wọ bọ́ọ̀sì BRT ní ibùdókọ̀ Chevron lọ́nà Lẹ́kkí. Òṣòdì ló ń lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò wọ ọkọ̀ ẹni tí ò mọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì tí gbogbo ìlú ń wọ̀ ló wọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Inú ọkọ̀ ṣókùnkùn. Èrò kò sí níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ló wá ṣe? Ẹ gbọ́ o! Ó gbé fóònù rẹ̀, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Ó sọ bí inú ọkọ̀ ṣe rí. Ó ya fídíò. Ó fi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́: 240257. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún òun.

Ẹ̀yin ará, ọmọ yẹn kò délé. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti jẹ́rìí. Ẹni tó fẹ́ fi òkùnkùn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kò mọ̀ pé ohùn ti jáde nínú ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí Káínì pa Ábẹ́lì nínú oko, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́run sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ arákùnrin rẹ̀ ń ké láti inú ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ní ohùn! Ẹ sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ní ohùn!" (Ìjọ: Ẹ̀jẹ̀ ní ohùn!)

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ-ẸJỌ́

Wọ́n rí awakọ̀ náà mú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Andrew Nice Omininikoron ni orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Tafawa Balewa Square, níbí ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n gbé e lọ, níwájú Adájọ́ Sherifat Sonaike. Kí ni awakọ̀ sọ? Ó ní òun kọ́. Ó ní àwọn ọkùnrin tó mú ohun ìjà dání ni wọ́n gba àṣẹ ọkọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, pé àwọn ni wọ́n wọ́ ọmọbìnrin náà jáde.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń fi ìbọn gba ọkọ̀ ní ìlú yìí. Tí kò bá sí ẹlẹ́rìí, báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Adájọ́ kò sí nínú bọ́ọ̀sì. Adájọ́ kì í ṣe wòlíì. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa fi ṣèdájọ́.

Nítorí náà àwọn ẹlẹ́rìí wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ tó gba ohùn yẹn lórí fóònù wá. Ẹ rò ó wò. Kó o dúró níwájú èrò, kó o máa sọ bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe bá ọ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, kí lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì wá máa da ìbéèrè bò ọ́. Kò rọrùn. Obìnrin mìíràn náà wá, ó sọ ìyà tó ní awakọ̀ yẹn fi jẹ òun ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, oṣù mẹ́ta ṣáájú kí Bámiṣé tó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ ohun tó gbà kí obìnrin tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba. Àwa la máa ń sé wọn lẹ́nu! Àwa la máa ń bi wọ́n pé, "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀? Irú aṣọ wo lo wọ̀?" Kí Ọlọ́run dárí jì wá. Obìnrin yẹn gbé ìtìjú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹjọ́, ó wọlé, ó sọ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà lé ní ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, adájọ́ sọ pé awakọ̀ náà jẹ̀bi ìpànìyàn, ó sì dájọ́ ikú fún un. Inú mi kò dùn sí ikú ẹnikẹ́ni. Ọkàn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èyí tí Jésù ò kú fún nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé ni pé òtítọ́ kò fúnra rẹ̀ rìn dé ilé-ẹjọ́. Àwọn èèyàn ló gbé e dé ibẹ̀.

ÈMI NÁÀ TI DÁKẸ́ RÍ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ rí lórí pẹpẹ yìí. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Lónìí, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, n kò tíì di àtúnbí. Ojú ọ̀nà Adéníji Àdèlé la ń gbé, yàrá kan, èèyàn méje. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, mo jókòó sẹ́nu fèrèsé. Ọkùnrin kan gbé Pijó dúró, ó fẹ́ ra búrẹ́dì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yọ sí i. Wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ń bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fi nǹkan gún un, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ. Ọkùnrin yẹn ò rí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, mo rí ojú ọ̀kan nínú wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹ̀wà fún wa láràárọ̀.

Ọlọ́pàá wá. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ gbogbo ojúlé. Kí ni mo sọ? "Mi ò rí nǹkan kan." Bàbá mi náà fojú sọ fún mi pé mo gbọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó olóògbé wá fúnra rẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó fa ọ̀kan lọ́wọ́. Láti ojúlé dé ojúlé ló ń kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí ọkọ mi? Ta ló wà níbẹ̀?" Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tiwa, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kí àbúrò mi sọ pé mi ò sí nílé.

(Ìjọ dákẹ́.)

Mo jẹ ẹ̀wà yẹn fún ọdún méjì sí i. Kò dùn lẹ́nu mi mọ́, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ́. Nígbà tí Jésù wá gbà mí, ohun àkọ́kọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ fi hàn mí kì í ṣe sìgá tí mò ń mu, kì í ṣe ọtí. Obìnrin yẹn ni. Mo wá a lọ. Mo dé ilé tí wọ́n ní ó ń gbé. Wọ́n ní ó ti kó lọ, pé ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí ìlú òbí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ìlú náà. Títí di òní, n kò rí i. Ìyá, tó bá jẹ́ pé ẹ ń wò mí níbikíbi tẹ́ ẹ wà, mo kúnlẹ̀ báyìí. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i. Ẹ dárí jì mí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí o bá dákẹ́, ti ẹlòmíì ló máa ń bá ọ dákẹ́! Ti opó. Ti ọmọ tí ò ní bàbá mọ́.

KÍ NI BÍBÉLÌ SỌ?

Ẹ ṣí Léfítíkù orí karùn-ún, ẹsẹ kìíní. Ọlọ́run sọ níbẹ̀ pé ẹni tó rí ọ̀rọ̀, tàbí tó mọ̀ nípa rẹ̀, tí wọ́n pè kó wá jẹ́rìí, tó wá kọ̀ tí ò sọ, ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò pa èèyàn o. Kò jalè. Ó kàn dákẹ́ ni. Síbẹ̀, Ọlọ́run pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń tọrọ ìdáríjì lórí ohun tá a sọ. Ẹ jẹ́ ká tọrọ ìdáríjì lórí ohun tá a kọ̀ tá ò sọ!

Ẹ wá sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹtàlélógún. Àwọn ọkùnrin tó ju ogójì lọ ti múra. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹun, àwọn ò ní mu omi, títí àwọn á fi pa Pọ́ọ̀lù. Ta ni Ọlọ́run fi tú àṣírí wọn? Ṣé áńgẹ́lì ni? Rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Pọ́ọ̀lù obìnrin ni, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí Bíbélì ò tiẹ̀ dárúkọ. Ó gbọ́. Ó lọ sọ. Ọ̀gá ọmọ ogun fà á lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì ní kó má sọ fún ẹlòmíì. Lóru ọjọ́ yẹn, igba ọmọ ogun, àádọ́rin ẹlẹ́ṣin àti igba ọlọ́kọ̀ sin Pọ́ọ̀lù jáde nílùú. Àádọ́rinlénírinwó èèyàn dìde nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé kan!

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kò lọ pariwo rẹ̀ ní ọjà. Kò kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti lọ fi táyà sun ẹnikẹ́ni. Ibi tó yẹ kó lọ ló lọ, ohun tó gbọ́ gan-an ló sì sọ.

ẸLẸ́RÌÍ, MÁ ṢE PURỌ́ O!

Nítorí dídákẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Nínú 1 Àwọn Ọba orí 21, Jésíbẹ́lì fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì. Kò gbé idà. Ẹlẹ́rìí méjì ló wá, àwọn aláìníláárí méjì. Wọ́n jókòó, wọ́n purọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì sọ Nábótì lókùúta pa. Òfin Mósè ló ní kí ẹlẹ́rìí jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, òfin yẹn náà ni Jésíbẹ́lì fi pa èèyàn. Ẹnu ẹlẹ́rìí lè gba ẹ̀mí là. Ẹnu ẹlẹ́rìí lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí Alhaja Kudirat Abíọ́lá. Wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó yìí, ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1996. Ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Igbóṣẹ̀rẹ̀, nítòsí wa níbí, ni wọ́n ti ṣe ẹjọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sọ́jà kan tí wọ́n mọ̀ sí Sergeant Rogers wá jẹ́rìí, ó sọ ohun tó sọ. Nígbà tó yá, ó padà wá sọ pé ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún Hamza Al-Mustapha àti Lateef Shofolahan. Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2013, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn méjèèjì sílẹ̀, nítorí ẹ̀rí náà kò dúró.

Èmi kì í ṣe adájọ́. N kò sọ pé ẹni báyìí ló ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ẹnu kan náà bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tó tún sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹni tí kò ṣẹ̀ lè lo ọdún púpọ̀ lẹ́wọ̀n, ẹni tó ṣẹ̀ sì lè máa rìn káàkiri. Àwọn ọmọ olóògbé ló máa jókòó sílé tí wọn ò ní mọ òótọ́. Má gba owó láti sọ ohun tí o kò rí. Má gba owó láti gbé ohun tí o rí mì.

Ilé-ẹjọ́ Igbóṣẹ̀rẹ̀ yẹn náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n dáná sun ún nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS. Ìwé jóná níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí iná ò lè jó. Ó wà níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a! (Ìjọ: Halelúyà!)

KÍ NI KÍ N ṢE, PÁSÍTỌ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ẹ mú ìwé àti gègé.

Èkíní: kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wò ó. Ṣé iná wà nínú rẹ̀? Ṣé èrò wà níbẹ̀? Tí ọkàn yín bá kọ̀ ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ dúró de òmíràn. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìwọ tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí, má pa á rẹ́! Láti ọdún 2011 ni Òfin Ẹ̀rí ti sọ ọ̀nà tí ilé-ẹjọ́ fi lè gba ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọlé, títí kan fóònù.

Èkejì: tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n ń fi ipá gba ọkọ̀, ẹ má sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀mí yín ṣe pàtàkì. Ẹ wo àwọ̀ ọkọ̀, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ wo ọ̀nà tó gbà. Ẹ pe 112 tàbí 767, lọ́fẹ̀ẹ́ ni ní Èkó.

Ẹ̀kẹta: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Aago mélòó? Ibo lẹ dúró sí? Ohun tẹ́ ẹ fojú yín rí yàtọ̀, ohun tí wọ́n sọ fún yín yàtọ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. "N kò mọ̀" kì í ṣe ìtìjú nílé-ẹjọ́.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ̀rù ń bà yín, mo mọ̀. Ó bà mí náà. Ẹ pe lọ́yà, ẹ pe àgbà ìjọ. Tówó lọ́yà ò bá sí, Ọ́fíìsì Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń ran tálákà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n fipá bá lò, àjọ ìjọba Èkó kan wà fún yín tí wọ́n ń pè ní DSVA. Ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sìn yín, màá wá. Mo ti sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn rí, n kò ní sá mọ́.

ÌPÈ SÍ ORÍ PẸPẸ

Ẹ dìde. Ẹnì kan wà níbí, àbí ẹnì kan ń wò mí nílé, tó mọ nǹkan. O rí ẹni tó gbé ọkọ̀. O mọ ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí. O gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pín owó. Ó ti pẹ́, o rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. Ìyá kan ṣì ń retí ọmọ rẹ̀. Jáde wá síwájú. O kò ní sọ ohun tí o mọ̀ níbí. Ẹ̀mí tí kò fi ní bẹ̀rù mọ́ la máa gbàdúrà fún.

Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe é. Ìwọ náà, máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ń ké pé kí wọ́n gbẹ̀san, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Jésù ń sọ ohun tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jésù á gbà ọ́, á sì fún ọ lágbára láti lọ jẹ́wọ́ níbi tó yẹ.

Ẹ gbàdúrà báyìí:

Olúwa, dárí gbogbo dídákẹ́ mi jì mí. (Ìjọ: Àmín!)

Olúwa, ẹnu tí ìbẹ̀rù sé, ṣí i lónìí. (Ìjọ: Àmín!)

Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fi ẹnu mi pa aláìṣẹ̀. (Ìjọ: Àmín!)

Olúwa, tu ìdílé Àyánwọlá nínú, tu gbogbo ìdílé tí ọmọ wọn jáde tí kò padà wálé nínú. (Ìjọ: Àmín!)

Àwọn ọmọ wa á jáde, wọ́n á padà wálé. Ọkọ̀ tí wọ́n bá wọ̀ kò ní di pósí wọn lórúkọ Jésù. (Ìjọ: Àmín! Àmín!)

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, tó o bá ti kà á tán, má jù ú sílẹ̀. Fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lálẹ́. Fún ẹni tó mọ nǹkan tí kò tíì sọ. Ká tó pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní àkókò yìí kan náà, ẹ jẹ́ olóòótọ́, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ yin Olúwa!